Ibi Tí Àbàwọ́n Wà Nínú Gáàsì

Ẹ̀rọ onígáàsì tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń tọpasẹ̀ èérún kò ju àpótí tí wọ́n rọ gáàsì kún, tí wọ́n sì ta wáyà tín-ín-rín sínú rẹ̀. Bí èérún bá la gáàsì náà kọjá, yóò já ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù gbà lára àwọn átọ́ọ̀mù. Agbára iná á fa ìwọ̀nyí lọ sídìí wáyà, níbi tí wọn yóò ti pọ̀ tó ohun tó ṣeé kà. Georges Charpak ló sọ ọ́ di olówáyà púpọ̀ ní ibùdó ìwádìí físíìsì CERN ní 1968, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992.

Ọ̀tá ẹ̀rọ yìí ni ọ́síjìn, gáàsì kan náà tí ènìyàn ń mí sínú. Ó máa ń gbá ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù mú lójú ọ̀nà, kò ní jẹ́ kó dé wáyà. Nínú ẹ̀rọ ALICE ní CERN, níbi tí ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù lè rin mítà 2.5 kó tó gúnlẹ̀, wọ́n ń sapá kí ọ́síjìn má ju nǹkan bí 5 lọ nínú mílíọ̀nù 1.

Ṣé pé kí nǹkan dá wà láìní àbùlà ni mímọ́ rẹ̀? Ó tì o. Ágọ́ọ̀nù tó dá wà kì í ṣiṣẹ́ déédéé: ìmọ́lẹ̀ tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń tan á tún máa já ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù mìíràn gbà lára ògiri àpótí, títí iná á fi máa ta níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń bu mẹ́tẹ́ẹ̀nì 10 nínú 100 là á, kó lè gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì.

Omi ló wá lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbẹ omi kúrò nínú gáàsì wọn. Ní ti ẹ̀rọ BaBar ní Kalifọ́níà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi oru omi nǹkan bí 3500 nínú mílíọ̀nù 1 kún gáàsì, kí wáyà má baà tètè bàjẹ́. Omi kan náà ni: níbì kan ó jẹ́ àbàwọ́n, níbòmíràn wọ́n nílò rẹ̀. Nínú ìwé tí Mary Douglas, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn, kọ ní 1966 nípa èèwọ̀ àwọn ènìyàn, ó jiyàn pé ètò tí nǹkan dà rú ló ń sọ ọ́ di ẹlẹ́gbin, kì í ṣe ara nǹkan náà. Ẹ̀rọ onígáàsì gbè é lẹ́yìn, àmọ́ kò gbè é dópin. Ènìyàn ló yan iṣẹ́ fún gáàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí sílíkóònù bá yọ́ wọlé láti ara gírísì, yóò lẹ̀ mọ́ wáyà, agbára ẹ̀rọ á sì máa dín kù, yálà ẹni tó ń ṣọ́ ọ pè é ní àbàwọ́n tàbí kò pè é bẹ́ẹ̀.