Ahọ́n àti Iye Owó: Ọ̀rọ̀ lórí Ọtí Pupa Ilẹ̀ Spéìn

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tí kò ra ẹja, tí kò ra epo, tí kò sì ra iyọ̀, kò lè retí pé kí ọbẹ̀ òun dùn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọbẹ̀ tí ó ti dùn lẹ́nu ni òwe náà kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó dárúkọ owó. Ahọ́n ti ṣe ìdájọ́ tirẹ̀ ná. Lẹ́yìn èyí ni a wá bèèrè ohun tí ó mú un dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dorí òwe yìí kodò. Wọn a kọ́kọ́ bèèrè iye owó, wọn a sì fi ìyẹn sọ fún ahọ́n wọn bí ohun náà yóò ti dùn tó. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò lórí ohun kan tí ó ti hàn gbangba, èyíinì ni ọtí wáìnì pupa ti ilẹ̀ Spéìn, irú èyí tí ó ki, tí ó kún ẹnu, tí owó rẹ̀ kò sì ga.

Kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé yìí má ṣe rò pé mo ń pè yín sí ìdí ọtí. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni mo ń sọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́ wáìnì wò kì í gbé e mì. Bí wọ́n bá ti mọ adùn rẹ̀ tán, wọn a tu ú sínú ohun èlò kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí ẹni tí ó ti yó kò yẹ ní onídàájọ́. Ní ti àwọn olùkọ́ yín, ìgò ọtí pupa Spéìn kì í ṣe àjèjì lójú wọn níbi ìgbéyàwó ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, wọn yóò sì mọ ohun tí mo ń wí.

Kí ni ó fà á tí ọtí náà kò fi wọ́n? Ẹni tí ó bá dáhùn pé nítorí pé kò dára ni, kí ó bá mi dé Jumilla, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Spéìn. Ilẹ̀ gíga ni, ó sì gbẹ. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí 300 milimítà lọ. Òjò Ìbàdàn ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Àjàrà tí ń jẹ́ Monastrell ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Nínú àwọn ọgbà àtijọ́, àgbẹ̀ kì í fi ọ̀pá àti okùn gbé igi náà dúró. A gé e kúrú títí yóò fi dàbí igi kúkúrú tí ó lójú pọ̀, a sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín igi kan àti èkejì, kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lè rí omi díẹ̀ mu. Èso tí irú igi bẹ́ẹ̀ ń so kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, oje rẹ̀ sì ki. Inú èèpo ni àwọ̀ pupa náà ti ń wá. Oòrùn púpọ̀ ni ó sì ń mú kí adùn inú èso pọ̀, adùn yìí ni ó ń di agbára ọtí, tí ó fi ń tó ìdá 14 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá wo ohun tí ó sọ owó rẹ̀ di kékeré. Ilẹ̀ níbẹ̀ kò wọ́n, nítorí kò sí ohun púpọ̀ mìíràn tí ó lè hù lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò jẹ́ kí èso bu, nítorí náà oògùn tí àgbẹ̀ ń rà kò pọ̀. Igi tí baba-ńlá gbìn, ọmọ-ọmọ ni ó ń ká èso rẹ̀, kò sì sí gbèsè lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní ilé ìfúntí kan ṣoṣo. Bákan náà ni ó rí ní Campo de Borja, ní ẹsẹ̀ òkè Moncayo ní àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní Cierzo ti ń fẹ́ lu àjàrà Garnacha. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbá. Òfin ilẹ̀ Spéìn wí pé ọtí pupa tí a bá pè ní crianza gbọ́dọ̀ pé ọdún 2 kí ó tó jáde, kí ó sì ti lo ó kéré tán oṣù 6 nínú àgbá igi óákù. Reserva gbọ́dọ̀ pé ọdún 3, gran reserva ọdún 5. Àgbá wọ́n, àkókò sì wọ́n jù ú lọ. Ọtí tí kò bá wọ àgbá rárá kò ní láti san owó méjèèjì. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tí ó wí pé ọtí náà kò dára.

Ìdí kan ṣẹ́ kù, òun ni ó sì dùn mí jù: orúkọ. Láti nǹkan bí ọdún 1860 síwájú, kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ́ phylloxera, tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bẹ̀rẹ̀ sí jẹ gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníṣòwò Faransé sáré lọ sí Spéìn láti ra ọtí tí wọn yóò fi dí àlàfo náà, wọ́n sì ń da ọtí Spéìn tí ó ki pọ̀ mọ́ tiwọn tí ó ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ Spéìn ń wọ ilé àwọn ọlọ́lá lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n mu ún, wọ́n yìn ín, wọn kò sì mọ ẹni tí wọn ìbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò náà kò ráyè wọ ilẹ̀ oníyanrìn Jumilla títí di ọdún 1989, ṣùgbọ́n wáìnì ibẹ̀ pẹ́ títí nínú irú ìṣòwò yìí, tí a ń tà á nínú àgbá ńlá láìní orúkọ.

Báwo ni a ṣe ń tọ́ ọ wò? Kí a fi í sí ibi tútù fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú, nítorí ooru ilé wa a máa mú kí agbára ọtí bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí a bu u dé ìdá kan nínú mẹ́ta ife, kí a gbé e sí iwájú aṣọ funfun kí a wo àwọ̀ rẹ̀, kí a mi ife náà yípo, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a tó fi díẹ̀ sẹ́nu kí a sì mú un dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó ti mu ẹ̀kọ tí ó ki rí, tí ó sì ti mu èyí tí a fi omi là jù, mọ ohun tí kíkún ẹnu jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnu yóò gbẹ díẹ̀, tí ahọ́n yóò sì fà jọ, bí ìgbà tí a bá jẹ obì; èèpo èso ni ó ṣe èyí, kì í sì í ṣe àbùkù, bí kò bá ti borí adùn. Ní ìkẹyìn, kí a wo bí adùn náà ti pẹ́ tó lẹ́nu lẹ́yìn tí ọtí ti kúrò níbẹ̀.

Níbi tí a bá dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún àwa. Ìwé àwọn òyìnbó yóò sọ fún wa pé ọtí Monastrell ń rùn bí irú èso dúdú kan tí ó ń hù nínú igbó wọn, èyí tí púpọ̀ nínú wa kò jẹ rí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń ka orúkọ àwọn èso wọ̀nyí jáde bí ẹni ka àkọ́sórí, ojú wọn sì dúró ṣinṣin. Kí ni ó dé tí wọn kò fi wí pé ó rán wọn létí àwìn, tàbí àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n dáadáa, tàbí ata gbígbẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀? Ahọ́n tí ó bá yá ọ̀rọ̀ lò yóò yá ìdájọ́ lò pẹ̀lú.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ wáìnì. Wọ́n fi aró pupa tí kò ní òórùn sínú wáìnì funfun, wọ́n sì ní kí wọ́n júwe òórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ọtí pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi júwe rẹ̀. Ojú ni ó bá imú sọ ohun tí yóò sọ. Ní ọdún 2008, àwọn mìíràn ní California gbé ọtí kan náà fún ènìyàn 20 ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ní dọ́là 5 ni lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní dọ́là 45 ni lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ti ń mu ún. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà wí pé èyí tí ó wọ́n dùn jù nìkan ni. Apá ibi tí ọpọlọ ti ń mọ ìgbádùn ṣiṣẹ́ jù pẹ̀lú. Ní ọdún kan náà, ìwé mìíràn jáde lórí ìtọ́wò tí ó lé ní 6,000, nínú èyí tí a fi iye owó pamọ́. Àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ wáìnì kò fẹ́ràn èyí tí ó wọ́n jù. Bí a bá tilẹ̀ rí ìyàtọ̀, díẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ràn èyí tí kò wọ́n. Àwọn tí a ti kọ́ nìkan ni ó dà bí ẹni pé wọ́n rí ohun kan nínú èyí tí ó wọ́n, ìyẹn náà kò sì pọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ìgbádùn náà bá jẹ́ òtítọ́ nínú ọpọlọ ẹni tí ó san owó púpọ̀, ta ni a rẹ́ jẹ? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Bí ẹni náà bá wí pé, "Inú mi dùn," òtítọ́ ni ó sọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í dúró níbẹ̀. A wí pé, "Ọtí yìí dára ju èyíinì lọ." Nígbà náà ó ti kúrò lórí ìròyìn ara rẹ̀, ó ti di ẹlẹ́rìí lórí ohun mìíràn, àwọn ẹlòmíràn yóò sì gbé ẹ̀rí náà rìn dé ọjà. Ẹni tí a rẹ́ jẹ kò sí nínú iyàrá tí a ti ń mutí. Ó wà nínú ọgbà rẹ̀ ní Jumilla, ó ń gé ẹ̀ka.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Nọ́ńbà ni a ń kọ sí orí ìwé ìdánwò ńlá, a kì í kọ orúkọ, nítorí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé bí a bá rí orúkọ ọmọ tí a ti sọ ní olódo, ojú wa yóò rí àṣìṣe kí ó tó kà á. Aṣọ tí a fi bo ìgò náà kò yàtọ̀ sí nọ́ńbà yìí. Ní ọdún 1979, nígbà tí ìwé ìròyìn Gault-Millau pe àwọn atọ́wáìnìwò jọ ní Paris, tí a sì fi orúkọ pamọ́, ọtí pupa Torres ti ọdún 1970 láti Penedès ní Spéìn borí Château Latour ti ọdún kan náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ kún ilẹ̀ Faransé. Ahọ́n kan náà ni, ìbá sì ṣòro fún un láti sọ bẹ́ẹ̀ bí ojú bá ti rí orúkọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọtí tí kò wọ́n ni ó dára. Mélòó kan wà tí ó ṣàn bí omi tí a fi fọ ife, òmíràn sì kan. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a jẹ́ kí ó bá ara rẹ̀ rojọ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fo. Bí a bá yin ohun tí kò wọ́n, yóò wọ́n. Ní Priorat, ní Catalonia, orí òkè olókùúta ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin Garnacha àti Cariñena láti ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi àwọn abúlé náà sílẹ̀. Ọdún 1989 ni àwọn mélòó kan, René Barbier àti Álvaro Palacios wà lára wọn, ṣe ọtí àkọ́kọ́ wọn ní Gratallops láti inú àwọn ọgbà bẹ́ẹ̀. Ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lónìí, àwọn ìgò kan láti ibẹ̀ wà nínú àwọn tí ó wọ́n jù ní gbogbo Spéìn. Òkúta kan náà ni, àjàrà kan náà ni. Ọwọ́ àti ìfọkànsìn tí ó pọ̀ sí i ni ó fa díẹ̀ nínú owó náà. Orúkọ ni ó fa ìyókù, tálákà tí ó mọ adùn rẹ̀ kò sì lè rà á mọ́.

Síbẹ̀, bí mo bá ní láti yàn, mo yàn pé kí owó náà lọ sókè díẹ̀. Láti ọdún 2008 títí di 2011, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń san owó fún àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ hú àjàrà rẹ̀, nítorí pé wáìnì ti pọ̀ jù lọ́jà, ilẹ̀ púpọ̀ ní Castilla-La Mancha sì di pápá. Igi àgbà ni ó máa ń rọrùn fún àgbẹ̀ láti kọ́kọ́ hú, nítorí èso rẹ̀ kéré, bí kò bá sì sí ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ? Igi tí a bá gbìn dípò rẹ̀ yóò so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ṣùgbọ́n yóò tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè pè é ní igi àgbà.