Ta Ló Máa Sọ Pé Omi Wà Nínú Ẹmu?

Tí a bá pe àwọn adẹ́mu láti ìlú mìíràn wá sí Ògìdì nígbà ọdún iṣu tuntun, kí tilé-toko lè tọ́ ẹmu wọn wò, àṣà ti bá wa yanjú ọ̀kan: ẹni tó gbé ẹmu wá ló máa kọ́kọ́ mu. Ìyẹn fi hàn pé kò sí májèlé níbẹ̀. Omi àti ṣúgà ńkọ́? Adẹ́mu lè mu ìyẹn kó sì nu ẹnu, kò ní kú.

Ẹ má tètè pè é lólè o. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ẹmu inú akèrègbè ti ń hó. Èyí tó dùn láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Ẹni tó gbé tirẹ̀ láti Kábà wá nínú oòrùn ń bẹ̀rù ìtìjú, ló ṣe bu ṣúgà sí i.

Ọ̀pọ̀ agbàlejò á mọ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní àlejò ni. Àwa ò gbà. Ṣé ẹni tó ń tọ́ ọ wò kì í ṣe àlejò ni? Ká ti sọ fún adẹ́mu ṣáájú, ní kọ̀rọ̀, pé wákàtí tó dá ẹmu la fẹ́ kó kéde, ẹmu kíkan kì í ṣe ẹ̀gàn. Ká gbé igbá méjì kalẹ̀, ti àárọ̀ àti ti àná. Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé ti àná gan-an ni wọ́n máa nawọ́ sí.