Ẹni Tó Ń Sunkún Lọ́jọ́ Ayọ̀
Bíbélì kíkà: Ẹ́sírà 3:10-13

 

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa kọ́kọ́ jọ́sìn nínú ilé tuntun. Dùùrù ti dé, aṣọ akọrin ti délẹ̀, àwọn onígángan náà ò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níbi ìdánrawò orin lánàá, ìyá àgbà kan ní ká fi orin kan tá a máa ń kọ lábẹ́ páànù àtijọ́ kún un. Bàbá tó kọ́ wa lórin náà ti sùn nínú Olúwa. Ọ̀dọ́ kan fèsì pé, "Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ ayọ̀ ni o. Orin yẹn á mú èèyàn sunkún." Ìyá dákẹ́. Èmi tí mo jẹ́ olórí akọrin náà dákẹ́. Mi ò rí oorun sùn.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn sunkún lọ́jọ́ ayọ̀?

Nígbà tí àwọn tó ti ìgbèkùn Bábílónì dé fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì lélẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn àlùfáà fun fèrè, àwọn ọmọ Ásáfù lu kíńbálì. Ọ̀pọ̀ èèyàn hó fún ayọ̀. Àmọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ti fojú rí ilé àkọ́kọ́ bú sẹ́kún. A ò kà á pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n panu mọ́. Àwọn àgbà náà ò sì ní kí wọ́n gbé fèrè sílẹ̀. Ẹkún àti ìhó pa pọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, a sì gbọ́ ìró náà lókèèrè.

Ará, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹkún ìyá yẹn, ẹ̀rí ni. Ó ń sọ pé Ọlọ́run ti wà pẹ̀lú wa kí bíríkì àkọ́kọ́ tó délẹ̀. Tá a bá pa ẹ̀rí yẹn lẹ́nu mọ́, kí ló kù tá a fẹ́ kọrin sí? Ṣé ọ̀dà ara ògiri ni?

Láàárọ̀ yìí, màá lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ìyá. Orin wọn á wọlé. Ọ̀dọ́ yẹn náà ni màá bẹ̀ kó bá wa lu gángan sí i.

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí ilé tuntun yìí gba ẹlẹ́rìn-ín, kó gba ẹlẹ́kún. Àmín.

Ọjọ́ á dáa o.