Ìròyìn Ni MRI, Kì í Ṣe Àfojúbà

Gbólóhùn kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ẹbí aláìsàn níwájú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́: "Ẹ̀rọ ti rí i." Wọ́n á gba àwòrán lọ́wọ́ wa bí ẹni gba ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n á gbé e lọ han ààfáà tàbí pásítọ̀. Òun náà á nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀, á ní ẹ̀rọ kì í purọ́, kí a máa gbàdúrà. Àdúrà dára. Àmọ́ èmi tí mo ń tú kọ́ìlì MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara) palẹ̀, tí mo ń fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹ̀yà ara rẹ̀ padà, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kò rí nǹkan kan. Kò lójú. Etí ló ní, etí náà là ń pè ní kọ́ìlì: àǹtẹ́nà tí a fi bàbà ṣe. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìròyìn ni MRI, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, háídírójìn sì wà nínú omi. Òòfà ńlá inú ẹ̀rọ á fẹ́ kí gbogbo háídírójìn wọ̀nyí kọjú sí ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n ìgbọràn wọn kéré gan-an. Nínú òòfà Tẹ́sílà 1.5 (Tẹ́sílà ni a fi ń wọn agbára òòfà), nǹkan bí márùn-ún péré nínú mílíọ̀nù kan ni àwọn tó kọjú síbẹ̀ fi ju àwọn tó kẹ̀yìn sí i lọ. Ohùn àwọn márùn-ún yẹn ni a ó gbọ́. Àwọn yòókù ti pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ á fi ìgbì rédíò kàn wọ́n, á dákẹ́, wọ́n á sì dáhùn, lórí nǹkan bí 64 MHz nínú òòfà 1.5, tàbí 128 MHz nínú òòfà 3. Ẹni tó mọ rédíò mọ̀ pé láti 88 dé 108 ni FM wà, àárín méjèèjì gan-an. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bàbà bo ògiri, àjà àti ilẹ̀ yàrá náà, kí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ohùn kíndìnrín aláìsàn. Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ iṣẹ́ rédíò kí n tó dé ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ kan náà ni.

Bó bá wá jẹ́ ìròyìn, ìbéèrè tó kàn ni èyí tí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti ń bá yí láti ayébáyé: ẹlẹ́rìí wo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà? Àwọn tó kó hádíìsì, ìròyìn nípa Ànábì, jọ, irú Bukhari tó kú ní 870, kì í wo ọ̀rọ̀ nìkan. Wọ́n á tọpa ẹni tó sọ ọ́: lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ, ṣé wọ́n jọ pàdé láyé, ṣé ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan dúró, ṣé olóòótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe kọ́ìlì náà ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà ni wọ́n ń bi í.

Ẹ wo ọ̀ràn Raymond Damadian. Ní 1977, ní Brooklyn, New York, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, Larry Minkoff àti Michael Goldsmith, ṣe ẹ̀rọ MRI kan tí wọ́n sọ ní Indomitable. Goldsmith ló ṣe kọ́ìlì rẹ̀, bàbà tí wọ́n wé mọ́ páálí, tí èèyàn ń gbé kọ́ àyà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n dúró títí, kò sí ohùn. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé ọ̀gá ti sanra ju ohun tí kọ́ìlì náà lè gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, Minkoff, tó jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, wọlé dípò rẹ̀, ohùn sì dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó rí àwòrán àyà rẹ̀ kan ṣoṣo. (Nígbà tí wọ́n fún Lauterbur àti Mansfield ní ẹ̀bùn Nobel nítorí MRI ní 2003 tí wọ́n yọ Damadian sílẹ̀, ó ra odindi ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí etí páálí kò gbọ́ kò fẹ́ kí ayé náà má gbọ́ òun.)

Omi ara Damadian kò yàtọ̀ sí ti Minkoff. Bí ìfura wọn bá jẹ́ òótọ́, háídírójìn rẹ̀ dáhùn, etí tó bá a mu ni kò sí. Ara tó bá sún mọ́ kọ́ìlì ń yí kọ́ìlì náà padà: ó ń tì í kúrò lórí ìkànnì tí a gbé e sí, ó sì ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti yí ẹni tó fẹ́ gbọ́ padà kó tó la ẹnu. Nítorí náà, a kì í dán kọ́ìlì wò lófìfo. Ìgò omi tí a po iyọ̀ mọ́ là ń gbé sínú rẹ̀ bí ẹni gbé aláìsàn síbẹ̀. Kọ́ìlì tó pé pérépéré nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, mi ò tíì kà á sí etí.

Òfin kan tún wà tí David Hoult àti Rex Richards ti Oxford gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1976: bí kọ́ìlì bá ṣe lè sọ̀rọ̀ dé ibì kan tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe lè gbọ́ tibẹ̀ tó. Ibi tí ohùn rẹ̀ kò bá dé, etí rẹ̀ kò ní í dé ibẹ̀. Mo máa ń rántí òfin yìí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ààfáà kan bá ń fi èdè tí ìyá aláta kò gbọ́ ṣe wáàsí. Ǹjẹ́ ààfáà yẹn á gbọ́ ẹjọ́ ìyá náà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi ni iṣẹ́ tí Peter Roemer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Electric tẹ̀ jáde ní 1990. Etí ńlá ń gbọ́ gbogbo ara, àmọ́ ariwo gbogbo ara ló ń gbà wọlé. Etí kékeré ń gbọ́ ìtòsí kedere, kò mọ ohun tó ń lọ lọ́nà jíjìn. Roemer to àwọn kékeré lọ́wọ̀ọ́wọ́ sí ẹ̀yìn aláìsàn, kí kálukú jẹ́rìí nípa àdúgbò tirẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ́ìlì méjì tó wà nítòsí ara wọn lórí ìkànnì kan á máa sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ara wọn. Ẹ̀rí méjì á di ẹyọ kan. Ó wá mú kí etí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀, ní ìwọ̀n kan pàtó, tí òfófó tó ń gba ibi tí wọ́n ti gun ara wọn kọjá á fi pa èyí tó ń gba ibòmíràn rẹ́. Wọ́n wà nítòsí ara wọn, síbẹ̀ wọn kò da ẹ̀rí ara wọn kọ.

Èyí ni àwọn ààfáà ń wá nínú hádíìsì tí wọ́n ń pè ní mutawatir: kí àwọn tó ròyìn rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá débi pé wọn kò lè pàdé pọ̀ hùmọ̀ irọ́. Yorùbá náà ní agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ìlì fi kún un. Bí o tilẹ̀ dí ọ̀nà òfófó pátápátá, orí ara kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí, ariwo ara yẹn ni wọ́n jọ ń gbọ́. Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ dá sí i ni pé, kó tó bi aláìsàn ní ohunkóhun, á kọ́kọ́ tẹ́tí sí ariwo lásán, á kọ bí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá èkejì pín in sílẹ̀, á sì yọ ìyẹn kúrò nínú bó ṣe máa gba ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sí. Mélòó nínú àwa tó ń dájọ́ nínú ẹbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èèyàn mẹ́wàá tó gbé nínú agboolé kan tí wọ́n sọ ohun kan náà nípa ìyàwó ilé, ẹ̀rí mẹ́wàá kọ́ nìyẹn.

Etí kọ́ìlì tún gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó di. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń béèrè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì ló ń tú jáde. Ìdáhùn tó ń bọ̀ kéré sí ìyẹn kọjá àfiwé. Dáyọ́ọ̀dù, ẹ̀yà iná kékeré kan, ló ń dí etí kọ́ìlì tó wà lára aláìsàn ní àsìkò ìbéèrè. Bí dáyọ́ọ̀dù náà bá kú, kọ́ìlì lè gbóná, kó sì jó awọ ara ẹni tó wà nínú rẹ̀. Dáyọ́ọ̀dù ni mo sábà máa ń yẹ̀ wò ṣáájú ohun gbogbo.

Ariwo ta ni ariwo tí àwọn kọ́ìlì jọ ń gbọ́ yìí gan-an? Nínú òòfà ńlá, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ariwo ti ń wá: ẹnu tó ń sọ òótọ́ náà ló ń pariwo. Bí òòfà bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ń kúrò lọ́rùn aláìsàn tó ń bọ́ sọ́rùn kọ́ìlì. Johnes Obungoloch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to MRI kékeré kan pọ̀ ní Mbarara, Uganda, ní 2022, nítorí àwọn ọmọ tí omi ń kún lórí. Òòfà rẹ̀ kò ju nǹkan bí Tẹ́sílà 0.05 lọ, ní irú ibẹ̀, kọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nínú ìwádìí tí Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀rọ MRI 84 ni wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní òòfà tó lágbára. Tí àwòrán bá wá ṣú lọ́dọ̀ wa, a óò ní ìyá àgbà ló mira, nígbà tó jẹ́ pé etí tó fẹ́ gbọ́ ọ ló ń kùn.

Òòfà ńlá náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ìgbì 128 MHz gùn ju mítà méjì lọ nínú afẹ́fẹ́; nínú omi ara, ó ń sún kì dé nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí omi bá kún inú ẹnì kan, ìgbì á pa ara rẹ̀ láàárín ikùn, ibẹ̀ á dúdú lórí àwòrán. Kò sí nǹkan dúdú níbẹ̀.

Dókítà kan tí a jọ máa ń jiyàn ní bí a bá fojú yìí wò ó, kò sí àfojúbà kankan láyé mọ́, torí ojú náà ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ojú mi kò bi igi ìrókò léèrè kí n tó rí i. MRI ń béèrè, bó bá sì ṣe béèrè ni wọ́n ṣe ń dá a lóhùn: ìbéèrè kan á mú kí omi inú ọpọlọ funfun, òmíràn á mú un dúdú. Olùgbọ́ àti Olùríran ní í máa ń tẹ̀lé ara wọn nínú orúkọ Ọlọ́hun nínú Kùránì. Ẹ̀dá kò ní méjèèjì bẹ́ẹ̀. Súrà Al-Hujurat sì pàṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a má baà ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní jàǹbá. Bàbà kì í dẹ́ṣẹ̀, àmọ́ ó ń ṣì í gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Báwo ni òòfà náà ṣe lágbára tó? Kọ́ìlì wo ni wọ́n lò, ibo ni wọ́n gbé e lé? Ta ló ka àwòrán náà? Bí ohun tí ara yín ń sọ kò bá bá ìwé mu, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n fi àyẹ̀wò mìíràn tì í. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.