Ẹ̀rí Lórí Ilé Tí A Kò Tíì Kọ́

Kí ilé ìtajà ńlá tàbí ilé ìfowópamọ́ tó yọ orí nílẹ̀, ẹnì kan á ti kọ́ ọ tán sórí ìwé. QS (quantity surveyor) ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ wa. Òun ló ń tú àwòrán ilé palẹ̀, tó ń wọn ògiri kọ̀ọ̀kan, tó ń yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Ó ń ka nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 10 sí mítà kan níbùú lóròó, á sì fi díẹ̀ lé e nítorí èyí tó máa fọ́. Ó mọ iye àpò sìmẹ́ńtì tí kọnkéré yóò jẹ, ó mọ iye irin tó ń lọ sínú òpó. Gbogbo ìyẹn ló ṣeé wọ̀n. Iye tí wọn yóò máa ta àpò sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dé orí dẹ́kìn kò ṣeé wọ̀n. Bóyá omi yóò sun nínú ìpìlẹ̀, bóyá onílé yóò yí ọkàn padà, kò sí téèpù tó lè wọn ìyẹn. Síbẹ̀ a ní kó kọ iye kan sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń purọ́ nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Bó bá kọ 400 mílíọ̀nù náírà tí iṣẹ́ sì parí sí 700, ṣé èké ni? Lójú tèmi, ẹ̀rí ni irú iye bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́rìí mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀ lọ́jọ́ tó buwọ́ lùwé ló ń jẹ́rìí sí, ibẹ̀ la ó sì ti mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni tàbí èké, ibi yòówù tí owó náà ì báà parí sí.

Bó bá jẹ́ àìmọ̀ lásán ló ń mú kí ìṣirò yẹ̀, ì bá máa yẹ̀ sókè, ì bá sì máa yẹ̀ sísàlẹ̀. Ní ọdún 2002, Bent Flyvbjerg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ ọ̀nà, rélùwéè, afárá àti ihò abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ 258 ní orílẹ̀-èdè 20. Nínú iṣẹ́ 10, nǹkan bíi 9 ni owó rẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lọ. Ti rélùwéè fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá tí a bá pín in dọ́gba. Iṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn, n ò sì ní sọ pé bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí gẹ́lẹ́ nínú ilé ìṣòwò. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó bá ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà nígbà gbogbo, ta ni yóò pè é ní àṣìṣe? Òwe Sólómọ́nì bá òṣùwọ̀n èké wí, Súrà al-Mutaffifin sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gba tiwọn kún tí wọ́n ń wọn ti ẹlòmíràn dín.

Àṣìṣe gidi máa ń ní ìrísí tirẹ̀. Ní Los Angeles lọ́dún 1948, ilé iṣẹ́ M. F. Kemper fi iye sílẹ̀ fún iṣẹ́ páìpù omi ìdọ̀tí ìlú náà. Nígbà tí wọ́n ń da iye láti ìwé kan sí ìkejì lóru, tí ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n fo 301,769 dọ́là. Iye tí wọ́n mú lọ di 780,305 dọ́là, ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àpòòwé, wọ́n rí àṣìṣe náà, wọ́n sì lọ sọ fún ìlú. Ìlú fárígá, ó ní àfi kí wọ́n ṣe é ní iye yẹn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California ló tú wọn sílẹ̀ lọ́dún 1951. Iye tí wọ́n kọ kò tọ̀nà rárá, síbẹ̀ ta ni yóò pè wọ́n ní òpùrọ́? Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ilé ka orí ẹ̀rí wọn ni wọ́n ti tún un ṣe.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀la, kí ni a wá ń bá ọmọ aráyé ṣe ẹjọ́ sí? Lóòótọ́ ni. Ẹni tó ṣírò ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kò lè mọ̀ pé nígbà tó bá fi di oṣù kejì 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan yóò ti kọjá ₦10,000 lọ́pọ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì sọ pé ó tìdí rẹ̀ yọ ni pé babaláwo ń dífá lọ́rọọrún. Àìmọ ọ̀la ló sọ ìṣirò di ọ̀ranyàn. Nínú Lúùkù orí 14, ẹni tí kò mọ̀ bóyá owó òun yóò ká ilé ìṣọ́ gan-an ni Jésù ní kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ààyè sì wà nínú ìwé QS fún ohun tí a kò mọ̀: owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fa ìlà yẹn pa kí iye lè dùn ún gbọ́, òun gan-an ló ń sọ pé òun mọ ọ̀la.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1967, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Albert Hirschman sọ pé bí èèyàn bá mọ gbogbo ìṣòro tó wà níwájú, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ni kò ní bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbà fún un a máa tọ́ka sí gbọ̀ngán ọ̀pẹ́rà Sydney: iye tó bá mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà dọ́gba ni wọ́n sọ lọ́dún 1957, mílíọ̀nù 102 ló parí sí lọ́dún 1973, gbogbo ayé sì ń lọ wò ó. Àwọn ìjọ kan náà ń fi irú èyí ṣe ìgbàgbọ́: ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run á parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí pé èyí tó parí nìkan là ń yà ní fọ́tò. Èyí tí koríko bò mọ́ orí dẹ́kìn kò ní ẹlẹ́rìí, ó sì kún ìlú wa. Jørn Utzon tó ya àwòrán Sydney fibẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjà lọ́dún 1966, kò sì padà wá fojú rí i títí tó fi kú lọ́dún 2008. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tí a fi iye èké mú kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹlòmíràn ló ti pinnu bí owó rẹ̀ ṣe máa lọ. Ìgbàgbọ́ tó mọ iye tó wà níwájú, tó sì tún gbẹ́sẹ̀, èmi bọ̀wọ̀ fún un.

Àtakò tó le jù wá láti ẹnu QS fúnra rẹ̀. Bí mo bá sọ iye tó jẹ́ òtítọ́, ẹlòmíràn á sọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, á sì gbaṣẹ́ lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, n kò sì ní bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n owó tó dín lórí ìwé ní láti jáde níbì kan. Bí kò bá jáde lápò onílé gẹ́gẹ́ bí àfikún iṣẹ́, inú ilé ni yóò ti jáde: irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwòrán lọ nínú òpó, yanrìn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú sìmẹ́ńtì, níbi tí pílásítà yóò ti bo àṣírí. Ẹni tó ń tajà nísàlẹ̀ ilé náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí téńdà, òun sì ni òrùlé wà lórí rẹ̀. Nítorí náà n kò lè di gbogbo ẹrù yìí ru QS. Onílé tó pè é tó ní, “Ẹ wá iye tí ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí fún mi,” ti rán an ní ẹ̀rí èké kó tó ṣí àwòrán rárá. Kí onílé béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ iye náà, ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn àti èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, àti iye tó lè gorí rẹ̀ bí ọjà bá yí padà. Bí QS kan bá wá mú iye tó ga jù wá, tó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́jú, kí onílé tó lé e lọ, kó ní kí ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù náà wá dáhùn ìbéèrè kan náà.