Orúkọ Rere àti Owó Iṣẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà

Òwe tó sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ kò ní ìtumọ̀ tó ṣòro. Wúrà àti fàdákà ṣeé jí, wọ́n ṣeé tà, wọ́n sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n orúkọ tí ènìyàn fi ìwà rẹ̀ ní, ọmọ rẹ̀ pàápàá a máa jogún rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni òwe náà jẹ́ fún ẹni tí owó bá fẹ́ tì sínú irọ́, olè tàbí ọ̀dàlẹ̀, kí ó lè rántí ohun tí yóò pàdánù. Bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bá wọn jiyàn lórí rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ìlò mìíràn tí òwe yìí ti bọ́ sí lẹ́nu àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́-ọnà, ìyẹn ẹnikẹ́ni tó ń fi ọgbọ́n àtinúdá wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ì báà ṣe akọrin, òṣèré, ayàwòrán, aládìrẹ tàbí òǹkọ̀wé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dárúkọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, wọn a ní kí ó má wo ti owó, pé àwọn èèyàn ńlá ni yóò pé sóde ìnáwó tí wọ́n fẹ́ lo iṣẹ́ rẹ̀ fún, pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò tàn ká orí ẹ̀rọ ayélujára, pé lẹ́yìn èyí gbogbo ayé ni yóò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì tún ń ṣàlàyé, òwe náà ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Alápatà tó ta màlúù fún ìnáwó kan náà gba owó rẹ̀ pé, ẹni tó gbé àga àti àtíbàbà wá gba tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó pa òwe fún wọn.

Àṣìlò tó burú ni èyí, nítorí pé ó yí ojú òwe kúrò lára ẹni tó yẹ kó bá wí. Bí orúkọ rere bá sàn ju wúrà lọ ní tòótọ́, ẹni tí wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbà bẹ́ẹ̀, kí ó san owó tó tọ́, kí orúkọ tirẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹni tó di owó iṣẹ́ ọmọlàkejì mú, tó wá ń wàásù fún un pé owó kò já mọ́ nǹkan, ti jẹ́ kó hàn pé owó ló ṣe iyebíye lójú òun.

Àwọn kan a máa dáhùn pé orúkọ nìkan ni àwọn oníṣẹ́-ọnà àtijọ́ ṣiṣẹ́ fún. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, àwọn ọba tó sì ń gbà á síṣẹ́ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ti Wembley ní 1924, tí British Museum sì fẹ́ gbà á, Ògògà kò fi í sílẹ̀ lásán nítorí pé orúkọ Ìkẹ́rẹ́ yóò kàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dunni jù lọ ni ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sàlá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ó yá owó láti fi ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru, tó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á, òun sì wà nínú gbèsè. Orúkọ kò wọ́n ọn. Orúkọ yẹn gan-an ló sọ ẹ̀dà ayédèrú náà di ọjà, nítorí pé kò sí ẹni tí ì bá ra fíìmù ẹni tí a kò mọ̀. Òkìkí tí oníṣẹ́-ọnà kò bá ní àṣẹ lórí ohun tó ń mú wá, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá nínú orin àpàlà, àti I. K. Dáírò, ọ̀gá nínú orin jùjú, ti rí èyí ṣáájú, torí náà ni wọ́n ṣe jọ dá ilé-iṣẹ́ agbáwo-orin-jáde tí wọ́n pè ní STAR sílẹ̀ ní 1969, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọrin ló ni àwo orin tí ọjà ń béèrè.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òwe náà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ó gbé orúkọ àti owó kalẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni ènìyàn gbọ́dọ̀ mú, bẹ́ẹ̀ olórí ẹgbẹ́ orin tí wọn kò sanwó fún kò lè sanwó fún onílù rẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn onílù yóò fi máa pè é ní onígbèsè, orúkọ rere tí wọ́n fi tàn án yóò sì bàjẹ́ nítorí owó tí wọ́n ní kí ó má wò. Òtítọ́ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tó ti jẹun; irọ́ ló ń pa fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lófo.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́-ọnà dárúkọ owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gba àsansílẹ̀, kí ó sì ka ìwé àdéhùn dáadáa kó tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tó bá kan ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn àṣẹ láti pinnu ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ náà tàbí tà á. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 ní Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé, òǹṣẹ̀dá orin àti oníṣẹ́-ọnà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú wọn, àwọn ajogún wọn ló sì ni ín, àfi bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ fún ẹlòmíràn.