Ta Ni Yóò San Owó Gọ́tà?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi, Ọjọ́ Ìsinmi ni 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn wa, tí ó sì gbé ènìyàn lọ. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé. Onílé ni kò ní gbà fún un. Nísinsìnyí tí àdúgbò ń jíròrò owó gọ́tà, àwọn ará òkè ń wí pé omi kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n láti orí òrùlé ta ni ó ti ń ṣàn wá? Kí onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì má ṣe san iye kan náà pẹ̀lú opó tí ń ta ẹ̀kọ. Kí olúkúlùkù san bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè Kaini ti ẹnu yín jáde ní ìpàdé. Àmín.